Ilé Ìwé Sún Mọ́lé, Ìrìn Ọmọ Tún Gùn Sí I

Láti ẹnu géètì ilé wa lọ́nà Ọ̀dà, ní Àkúrẹ́, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́fà ni mo lè nàka sí tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè fẹsẹ̀ rìn dé kó tó rẹ̀ ẹ́. Méjì jẹ́ ti ìjọba, mẹ́rin tó kù jẹ́ ti aládàáni. Ọmọbìnrin mi kò sí ní ìkankan nínú wọn. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni kẹ̀kẹ́ Márúwá ti máa ń fọn fèrè lẹ́nu géètì, yóò kó o mọ́ àwọn ọmọ mẹ́fà mìíràn, wọn yóò gba Ọjà Ọba kọjá lọ sí Alágbàká. Tí òjò bá fi rọ̀, tàbí tí ọkọ̀ akóyanrìn kan bá kú sójú títì, aago mẹ́jọ á lù kí wọ́n tó débẹ̀.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní ọdún 1955, abà ló sì ti ń rìn lọ. Èmi bẹ̀rẹ̀ ní 1981, ilé ìwé tèmi kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ilé wa ní Ìsinkàn. Ẹ wò ó báyìí: ti ìyá mi jìn, tèmi sún mọ́lé, ti ọmọ mi tún ti jìn padà, bẹ́ẹ̀ ilé ìwé kò tíì pọ̀ tó báyìí rí nílùú Àkúrẹ́. Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì délẹ̀ níbi ìkómọ tàbí níbi tí a ti ń mu ẹmu, àlàyé kan ṣoṣo ni mo máa ń gbọ́: àwọn ọmọ ti ya ọ̀lẹ, àwọn òbí sì ń kẹ́ wọn ní àkẹ́jù. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ọmọ ń gbé wáyé kò yí padà. Ohun tó yí padà ni ohun tó wà láàárín ilé àti ilé ìwé.

Máìlì méje: irọ́ ni àbí òótọ́?

Kò sí ọmọ tí kò tíì gbọ́ ọ rí: nígbà tiwa, máìlì méje la máa ń rìn lọ sí ilé ìwé, láìwọ bàtà! Àwọn ọmọ á wo ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín sínú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Máìlì kan fi díẹ̀ lé ní 1,600 mítà. Ọmọ ọdún méje tó ń rìn, tó ń ṣeré, tó ń dúró mú tata, ó ṣòro kó fi ohun tó dín ní ìṣẹ́jú 25 rin máìlì kan. Máìlì méje ń lọ sí bíi wákàtí mẹ́ta nìyẹn, lílọ nìkan. Ọmọ tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, agogo ìsinmi ni yóò bá wọn tí wọ́n ń lù.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pe màmá àgbà ní onírọ́. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé kì í ṣe ojoojúmọ́. Ọmọ tí abà wọn bá jìn tó bẹ́ẹ̀, ìlú ló ń gbé láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, lọ́dọ̀ ìbátan bàbá rẹ̀, tàbí lọ́dọ̀ tíṣà kan tí yóò máa bá pọnmi, tí yóò máa bá gúnyán. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ń rin máìlì méje yẹn lọ sí abà, kó lè bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nídìí kòkó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni yóò tún rìn ín padà, pẹ̀lú iṣu, gàrí àti ìgò epo lórí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tó fún àgbà láti sọ ọ́ di ti ojoojúmọ́.

Kí ló mú kí ilé ìwé jìn tó bẹ́ẹ̀? Àwọn ìjọ ló ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé nígbà náà, ibi tí ọmọ ìjọ bá pọ̀ sí ni wọ́n sì ń kọ́ ọ sí. Oǹdó tètè rí tiẹ̀, torí CMS, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, ilé ìwé girama Ondo Boys' High School sì ti wà láti 1919. Ilé ìwé girama ti Àkúrẹ́ pẹ́ díẹ̀: Aquinas College dé ní 1951, Oyemekun Grammar School dé ní 1953. Ṣáájú ìgbà náà, ọmọ Àkúrẹ́ tó bá jáde ìwé mẹ́fà tó sì fẹ́ máa bá ẹ̀kọ́ lọ, àpótí ló máa rù, kì í ṣe báàgì. Lọ́rọ̀ kan, kí a tó sọ̀rọ̀ nípa rírìn lọ sí ilé ìwé láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í rìn lọ, wọ́n ń kó lọ ni.

Ohun kan tún wà tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí, tí ó sì nítumọ̀. Ìwé ọjọ́ ìbí kò wọ́pọ̀, nítorí náà, ọmọ tí wọ́n bá mú wá sílé ìwé yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gba àárín orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ kò bá tó etí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bí ọmọ bá ti tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà ni apá rẹ̀ máa ń gùn tó. Ẹ sì wò ó dáadáa, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí ni ọmọ tó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé e pọ̀n. A ó padà wá sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní January 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, nǹkan bí 457,000 ọmọ ló wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà; ní 1955, wọ́n ti lé ní 811,000. Ilé ìwé tó wà nílẹ̀ kò lè gba irú èrò bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́ tuntun sí ibi tí ilé ìwé kò dé rí, wọ́n fi amọ̀ mọ ọ́n, wọ́n fi páànù bò ó, ìyẹn ló sì sún ilé ìwé mọ́ abà. Ìyá mi wà nínú àwọn ọmọ 1955 yẹn. Máìlì méjì ló ń rìn, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í fi kún un.

Ohun tó rántí jù kì í ṣe bí ọ̀nà ṣe jìn. Ìrì ni. Ojú ọ̀nà abà tóóró, koríko sì ga ju ọmọ lọ lápá méjèèjì. Ẹni tó bá ṣáájú ni ìrì ń gbọ̀n sí lára, aṣọ rẹ̀ á tutù dé ìbàdí kí wọ́n tó já sí ojú ọ̀nà ńlá. Àwọn tó tẹ̀ lé e, ara wọn á gbẹ. Nítorí náà wọ́n ní òfin tiwọn: ẹni tó bá kẹ́yìn dé abẹ́ igi ọsàn tí wọ́n ti ń pàdé ni yóò ṣáájú. Ìyá mi ní òun ò pẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lásìkò kòkó, olúkúlùkù á ju kóró kòkó tútù sẹ́nu, wọ́n á máa fa omi dídùn ara rẹ̀ mu títí wọ́n á fi rí òrùlé ilé ìwé lọ́ọ̀ọ́kán.

Ẹ̀yin tó ń bínú pé àwọn ọmọ òde òní kì í lè dá rìn, ẹ fetí sí apá yìí. Àwọn ọmọ 1955 kì í dá rìn. Torí pé ọ̀pọ̀ ni kò láǹfààní àtilọ tẹ́lẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà àti ọmọ ọdún méjìlá jọ ń jókòó ní kíláàsì kan náà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti lè gé igi, tó ti lè pa ejò, wà nínú ẹgbẹ́ tó ń rìn lọ. Ẹ̀ṣọ́ wọn wà láàárín wọn. Lónìí, ọmọ ọdún mẹ́fà wà pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́fà, bí a bá sì ní kí wọ́n máa rìn lọ, afọ́jú la ní kó fi ọ̀nà han afọ́jú.

Ojú mọ́kànlá

Tèmi ló rọrùn jù. Olóyè Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ Ọ̀wọ̀, tó wà lára àwọn tó ti gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ Action Group láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1979. Nígbà ìjọba rẹ̀, ọ̀fẹ́ gòkè dé ilé ìwé girama. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ilé ìwé, ọmọ àdúgbò ló sì ń lọ síbẹ̀, ọmọ tíṣà, ọmọ káfíńtà, ọmọ dókítà. Èmi àti àwọn ọmọ ilé méjì tó ṣìkejì wa la jọ ń rìn.

Yorùbá ní ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Mo ti jókòó ka tèmi rí, n kò rí igba. Mọ́kànlá ni mo kà. Ìyá alákàrà wà ní orítá àkọ́kọ́, òun sì ni ọ̀gá gbogbo wọn. Fọkanáísà kan wà pẹ̀lú ọmọṣẹ́ rẹ̀, ojú aláàbọ̀ ni ti ọmọṣẹ́ náà torí oorun ló sábà máa ń sùn. Télọ̀ kan wà tó kọjú ẹ̀rọ rẹ̀ sí títì. Àáfà kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, àtàwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi yà sí ìsàlẹ̀ odò Àlà, a fẹ́ fi agolo mú ẹja. A ò rí ju ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ lọ. Nígbà tí mo délé, ìyá mi kò bi mí ní ìbéèrè kankan, ó kàn ní kí n lọ fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ mi kí n tó wá kúnlẹ̀. Ìyá alákàrà ti rán ọmọ rẹ̀ wá.

Kí ló mú kí ojú wọ̀nyẹn ṣiṣẹ́? Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n mọ ọmọ ẹni tí ọmọ jẹ́. Wọ́n sì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, ní aago kan náà, wọ́n mọ ìgbà tó yẹ ká kọjá àti ìgbà tí a ti pẹ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé wọ́n ní àṣẹ. Bí télọ̀ bá fa etí mi, kò sí bàbá tí yóò lọ bá a jà; bàbá mi á fa èkejì kó lè dọ́gba.

Ẹ wá wo ọ̀nà tí ọmọ mi ì bá máa gbà lónìí bó bá ń rìn. Ilé tó ní ògiri gíga ló wà lápá ọ̀tún, ilé tó ní ògiri gíga ló wà lápá òsì. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣe POS ní orígun, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló dé, kò mọ ilé wa. Bó bá sì mọ̀ ọ́n pàápàá, tó rí ọmọ mi tó ń yà síbi tí kò yẹ, kò ní dá sí i, ẹ̀rù ìyá ọmọ ń bà á. Èèyàn pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn ju ti ìgbà tèmi lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ojú tó ń wo ọmọ níbẹ̀ kò tó méjì.

Kí n má ṣe bí ẹni tó ń yin àtijọ́ ju bó ṣe yẹ lọ o. Odò gbé ọmọ lọ nígbà yẹn náà. Ejò bu ọmọ jẹ, ìtàn gbọ́mọgbọ́mọ kò sì fìgbà kan kúrò nílẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi náà ní ohun tí wọ́n lè sọ nípa àwọn àgbàlagbà kan lójú ọ̀nà, tí ojú mọ́kànlá rí tí wọ́n sì dákẹ́.

Ilé ìwé bá ọ́fíìsì lọ

Ìgbà wo ni ilé ìwé kúrò nítòsí ọmọ? Ilé ìwé àdúgbò kò kúrò. Àwa la kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn 1986 tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé, owó oṣù di ohun tí kò ra nǹkan mọ́, ìyanṣẹ́lódì àwọn tíṣà wá di ohun tí à ń retí bí ẹni retí òjò. Òbí tó bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ a mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ti aládàáni. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ṣe ń lọ, àwọn òbí tó lẹ́nu láti bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀ náà ń bá wọn lọ, ilé ìwé àdúgbò wá ń rọ sí i. Èmi náà wà lára wọn, n kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

Ṣùgbọ́n ilé ìwé aládàáni mẹ́rin ló wà nítòsí mi. Kí ló dé tó fi jẹ́ Alágbàká? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ti Àkúrẹ́ gan-an. Ní February 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, Àkúrẹ́ sì di olú ìlú. Ìlú tó ní nǹkan bí 71,000 èèyàn nínú ètò ìkànìyàn 1963, nígbà tí wọ́n fi máa ka èèyàn ní 2006, ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́ nìkan ti lé ní 353,000. Ilé ń tàn ká lọ sí Ọba-Ilé, sí Ìjọ́kà, sí Ọ̀dà, sí ọ̀nà FUTA àti kọjá rẹ̀. Ọ́fíìsì ìjọba kò bá wọn tàn ká, Alágbàká ló wà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó kọ́lé sí Ọ̀dà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Alágbàká, tí yóò ṣíwọ́ ní aago mẹ́rin, yóò ro ó lọ́kàn ara rẹ̀: tí ọmọ bá ṣàìsàn lọ́sàn-án, ta ló máa sáré lọ gbé e? Ó di dandan kí ilé ìwé wà nítòsí ọ́fíìsì. Ilé ìwé kò tẹ̀ lé ilé mọ́, iṣẹ́ òbí ló ń tẹ̀ lé.

Ẹ wá padà sórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó ń kan etí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ilé ìwé ń gbà láyé ìyá mi. Lónìí, ọmọ ọdún méjì ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, mo ti rí èyí tó jẹ́ oṣù mẹ́jọ pàápàá tí wọ́n gbé lọ sí kírẹ́ṣì. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn, jẹ́lé-ó-sinmi, torí ó sọ òótọ́: kì í ṣe ìwé la fi ń rán ọmọ ọdún méjì lọ, ìyá ń lọ síbi iṣẹ́, ìyá àgbà sì wà ní ìlú mìíràn. Ọmọ ọdún méjì kò lè fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwé. Ọkọ̀ ló máa gbé e. Tí ọkọ̀ bá ti gbé àbúrò, ẹ̀gbọ́n ọdún mẹ́sàn-án tó lè rìn yóò bọ́ sínú ọkọ̀ náà, torí kò sí òbí tó fẹ́ pín ọmọ méjì sí ilé ìwé méjì. Bí ó ṣe jẹ́ pé àbíkẹ́yìn ló ń pinnu bí gbogbo ilé ṣe ń rìn nìyẹn. Nínú gbogbo ohun tí mo ń ṣàlàyé yìí, èyí ni àwọn èèyàn kì í ronú kàn, ó sì wà lára èyí tó lágbára jù.

Kí a tó sọdá

Ọ̀rọ̀ ojú títì náà ní ìdàrúdàpọ̀ tiẹ̀. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1972, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi lé wa lọ́wọ́. Ní April 2, 1972, ìjọba Gowon yí i sí ọwọ́ ọ̀tún, torí gbogbo àwọn tó yí wa ká ló ń gba ọ̀tún. Kí ni èyí kan ọmọ ilé ìwé? Ó kàn án gidi. Nígbà tí ọkọ̀ ń gba òsì, ọkọ̀ tó máa kọ́kọ́ kàn ọ́ bí o bá sọ̀ kalẹ̀ sójú títì, apá ọ̀tún ló ti ń bọ̀. Nítorí náà, ohun tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ni: wo ọ̀tún, wo òsì, tún wo ọ̀tún. Láti 1972, apá òsì ni ikú ti ń yọ. Ẹ̀kọ́ náà wá di: wo òsì, wo ọ̀tún, tún wo òsì. Àwọn àgbà kan ṣì wà tó jẹ́ ti àtijọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ-ọmọ wọn, láìmọ̀.

Lẹ́yìn náà ni alùpùpù dé. Orúkọ tí a fún un, ọ̀kadà, orúkọ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan ni, Okada Air. Àwọn aláwàdà ló fi pe alùpùpù torí ó ń fò kọjá gosilóò. Kẹ̀kẹ́ Márúwá gba orúkọ tirẹ̀ lọ́dọ̀ Buba Marwa, ológun tó ṣàkóso ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999. Àwọn méjèèjì yìí yí ohun kan padà tí ọkọ̀ ńlá kò lè yí: wọ́n ń gba ibi gbogbo. Láyé tèmi, ọkọ̀ ló ni títì, ọmọ ló ni ẹ̀gbẹ́ títì. Lónìí, ọ̀kadà ń gba ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń gba orí kòtò tí wọ́n bò, ó ń dojú kọ ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ tó wo òsì, wo ọ̀tún, tó tún wo òsì, kò tíì wo ẹ̀yìn.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá kò mọ bí a ṣe ń fojú díwọ̀n eré ọkọ̀. Ó lè rí ọkọ̀ kó sì mọ̀ pé ó jìn, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé jíjìn yẹn kò tó nǹkan lójú ẹni tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan. Àìgbọ́ràn kọ́ o, ojú àti ọpọlọ rẹ̀ ni kò tíì gbó. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ìjàǹbá ojú títì ló ń pa àwọn ọmọ ọdún 5 sí àwọn ọ̀dọ́ ọdún 29 jù lọ ní gbogbo ayé. Ó pa wọ́n ju ibà lọ.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní England, àwọn olùṣèwádìí kà á ní 1971, wọ́n rí i pé nínú 100 ọmọ ọdún méje àti mẹ́jọ, 80 ló ń lọ sí ilé ìwé láìsí àgbàlagbà lẹ́yìn wọn. Wọ́n tún kà á ní 1990: mẹ́sàn-án péré. Ohun tó fà á ni ohun tí a lè fojú rí ní aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ lẹ́nu géètì ilé ìwé èyíkéyìí ní Alágbàká. Ọkọ̀ pọ̀, ẹ̀rù ba òbí, òbí fi ọkọ̀ gbé ọmọ. Ọkọ̀ rẹ̀ wá di ọ̀kan mọ́ ọkọ̀ tó ń ba òbí mìíràn lẹ́rù. Ẹni tó bá ń rìn yóò máa yọ́ gba àárín wọn kọjá, títí ìyá tirẹ̀ náà yóò fi ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ìjínigbé náà kò ṣeé fi sílẹ̀. Ní January 2024, ní Ẹ̀múrẹ́-Èkìtì, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa, àwọn agbébọn dá bọ́ọ̀sì ilé ìwé lọ́nà, wọ́n kó ọmọ àti olùkọ́ lọ. Láti ìgbà náà, òbí tó bá rí bọ́ọ̀sì tó pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìlàágùn ni. Mi ò bá wọn wí. Ohun tí mo kàn fẹ́ ká yà sọ́tọ̀ ni pé ọ̀nà tó so ìlú pọ̀ mọ́ ìlú, tó gba inú igbó kọjá, yàtọ̀ sí títì inú Àkúrẹ́. Fún ọmọ tó ń lọ láti Ìjọ́kà sí Arákalẹ̀, ọ̀kadà tó ń dojú kọ ọkọ̀ ni ká kọ́kọ́ bẹ̀rù.

Kẹ̀kẹ́ àdéhùn

Bí ẹ kò bá ní ọkọ̀, tàbí tí ẹ ní in tí owó epo kò sì jẹ́ kí ẹ gbé e, kẹ̀kẹ́ àdéhùn lẹ máa lò. Títí di May 2023, lítà epo kan kò tó ₦200. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́, ó fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì padà sẹ́yìn mọ́. Oníkẹ̀kẹ́ tó ń gbé ọmọ mẹ́rin tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé méje kí owó lè pé. Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye owó. Ẹ béèrè pé ọmọ mélòó ni, kí ẹ sì lọ kà wọ́n fúnra yín lọ́jọ́ kan tí kò retí yín. Ẹ wò ó bóyá ọmọ kan ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ awakọ̀, torí ẹni yẹn ni yóò kọ́kọ́ jábọ́. Ẹ wo ibi tí àwọn báàgì wà. Báàgì tí wọ́n so mọ́ ìta lè há mọ́ ọkọ̀ mìíràn.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì: ta ló máa gbé e bí òun kò bá wá? N kò béèrè èyí. Lọ́jọ́ kan, táyà oníkẹ̀kẹ́ wa bẹ́, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun bá òun kó àwọn ọmọ. Inú rere ló fi ṣe é, ọ̀rẹ́ náà kò sì mọ ilé ẹnikẹ́ni. Láti aago méjì títí di aago márùn-ún ku díẹ̀ ni ọmọ mi fi wà nínú kẹ̀kẹ́ àjèjì, tó ń fi ọwọ́ júwe ilé fún un. Ìpè mẹ́rìnlélógójì ló wà lórí fóònù mi nígbà tó wọlé, ó jókòó, ó ní ebi ń pa òun.

Lẹ́yìn náà ni ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ káàdì. Ẹni tí kò bá mú káàdì wá kò lè gba ọmọ. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, oníkẹ̀kẹ́ ṣàìsàn, èmi wà ní Oǹdó, ìyá mi ní òun á lọ. Ó wọ táksí dé Alágbàká, wọ́n dá a dúró lẹ́nu géètì.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, káàdì yín ńkọ́?"

"Ọmọ ọmọ mi ni. Ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ wo tèmi."

"Mo rí i, mà. Káàdì ni mo ń béèrè."

Mo rò pé yóò bínú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn títí mo fi fi àwòrán káàdì ránṣẹ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ géètìmáànù náà kó tó kúrò. Ọmọ mi ló ròyìn ìyókù fún mi. Ó ní Màmá ò gbà láti wọ kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, wọ́n ní kí àwọn fẹsẹ̀ rìn dé oríta. Wọ́n ra gúgúrú àti ẹ̀pà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọdá, Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ kan sójú títì. Ọmọ mi fà wọ́n padà.

"Màmá, òsì la kọ́kọ́ ń wò o."

Kẹ̀kẹ́ kan kọjá fìrì láti apá òsì. Ìyá mi wò ó lọ.

"Òótọ́ ni," ni wọ́n wí. "Gowon ti yí i."